Ìyáàfin Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

 

Nínú ẹgbẹ́ obìnrin, kì í sábà ṣòro láti rí ẹni tí yóò dáná nígbà ìkórè, kì í sì í ṣòro láti rí ẹni tí yóò dá owó aṣọ ẹgbẹ́. Èyí tí ó máa ń ṣòro ni láti rí ẹni tí yóò jókòó ti àwọn ọmọdé. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba, a máa sọ pé àwọn yóò ṣe é nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀. Àwa àgbà náà a sì máa sọ pé ìgbà tiwa ti kọjá, kí àwọn ọ̀dọ́ wá gbà á. Bí a ti ń tì í síra wa lọ́wọ́ yìí ni ọmọ ń dàgbà, kò sì dúró de ẹnì kankan nínú wa.

Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn Ìyáàfin Anna Hinderer fún yín. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ó ti kú. Kì í ṣe ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, C.M.S. ni ó rán ọkọ rẹ̀ àti òun wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe kan gbogbo wa, ó sì kan ìlú wa Ọ̀fà ní ọ̀nà kan tí òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀. Bí ẹ bá ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ ó rí i.

ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Anna Martin ni orúkọ tí a sọ ọ́. A bí i ní oṣù kẹta ọdún 1827 ní abúlé Hempnall, ní ẹkùn Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ aláìníyàá rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Lowestoft, ìlú àwọn apẹja ní etí òkun. Níbẹ̀ ni ó ti mọ àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ Richenda, ẹni tí í ṣe àbúrò Elizabeth Fry, obìnrin olókìkí nì tí ó jà fún ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn Anna, nígbà tí ó sì yá, wọ́n mú un sọ́dọ̀, ó ń gbé inú ilé wọn bí ọmọ.

Anna kò tíì ju ọmọdébìnrin lọ nígbà tí ó lọ bá Ìyáàfin Cunningham pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó rán an, kò sì sí owó kankan níbẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Lẹ́yìn èyí, ó rí i pé àwọn ọmọ kan wà ní ìlú náà tí wọn kì í wá sí Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rárá: àwọn ọmọ tálákà tí aṣọ wọn ti gbó, tí wọ́n ń rìn gbéregbère kiri. Anna kó díẹ̀ nínú wọn jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìwé àti ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀, títí iṣẹ́ náà fi di ńlá. Ó ń ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́ ilé tí ó ń ṣe fún àwọn Cunningham, ó sì ń bẹ àwọn aláìsàn wò pẹ̀lú. Kò dúró kí ọwọ́ òun kọ́kọ́ dilẹ̀.

Láti kékeré ni ó ti ń rò ó pé bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun yóò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí ọkàn, ó ń bá ti Lowestoft lọ.

BÍ Ó ṢE DÉ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ẹ ó rántí pé ìjọ tiwa ti dé ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú àkókò yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ìránṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. C.M.S. tẹ̀ lé e láìpẹ́, wọ́n sì dé Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1851 ni ó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ó gbé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó rí i pé ìlú ńlá ni, ìlú jagunjagun, àwọn ìjòyè ibẹ̀ sì gbà pé kí ó padà wá máa gbé láàárín wọn. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá olùrànlọ́wọ́, ibẹ̀ ni òun àti Anna ti pàdé. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, nígbà tí Anna jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853 ni wọ́n dé Èkó. Wọ́n gba ojú odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ibà sì ti kọlu Anna tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Bí ara rẹ̀ ti yá díẹ̀, wọ́n gbéra. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Àwọn ará ìlú kò tíì rí òyìnbó obìnrin rí. Tọmọdé tàgbà ni ó tú jáde láti wò ó, ariwo sì ta ní ìgboro.

ILÉ KÚDẸTÌ

Ilé amọ̀ kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ooru mú, òjò ń rọ̀ wọlé, àyè kò sì tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé tiwọn ní Kúdẹtì, àti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn a máa sọ títí di òní pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ìlú náà ni ilé Kúdẹtì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, kì í ṣe ohun tí ó rọrùn. Ìlú ogun ni Ìbàdàn. Bàbá fẹ́ kí ọmọkùnrin òun mọ idà lò, ìyá sì fẹ́ kí ọmọbìnrin òun mọ ọjà tà. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé ìwé lè sọ ọmọ di ọ̀lẹ, tàbí pé àwọn òyìnbó lè kó ọmọ lọ. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, Yéjídé tí í ṣe obìnrin, àti Akínyẹlé tí í ṣe ọkùnrin. Àwọn ni a kà sí ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Bí àwọn mìíràn ti rí i pé nǹkan kan kò ṣe àwọn ọmọ méjèèjì, wọ́n ń mú tiwọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Anna ń ṣe gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Kò ṣe ohun ìyanu kankan. Àwọn ọmọ kan ń bá a gbé nínú ilé, wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń tọ́jú egbò wọn, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àti aṣọ rírán, ó ń kọ́ tọkùnrin tobìnrin ní ìwé àti orin. Èdè Yorùbá ṣòro fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ náà ni ó sì ti ń kọ́ ọ, àwọn ni olùkọ́ rẹ̀ nínú èyí. Ọlọ́run kò fún òun àti ọkọ rẹ̀ ní ọmọ bíbí inú, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè é.

Kò dá iṣẹ́ náà ṣe, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ènìyàn tiwa tí wọ́n bá a ṣe é. Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Abẹ́òkúta, bá wọn wá sí Ìbàdàn, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ìyálóde Ìbàdàn pẹ̀lú di ọ̀rẹ́ Anna, wọn a sì máa bẹ ara wọn wò.

Ìyà kò ṣàìjẹ wọ́n. Àwọn òbí kan gba ọmọ wọn padà. Wọ́n na àwọn ọmọbìnrin mìíràn nítorí pé wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibà kò fi Anna lọ́rùn sílẹ̀, nǹkan bí oṣooṣù ni ó ń dá a gúnlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ń kú: Kefer kú ní ọdún 1855, Jefferies náà sì kú lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1856, ara Anna àti ti ọkọ rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé wọ́n ní láti padà lọ sinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 wọ́n tún wà ní Kúdẹtì.

Wọn kò sì dá wá. Ìdílé kan bá wọn wá láti Sàró, ìdílé Henry Johnson, ọmọ Yorùbá tí ó wá ṣiṣẹ́ olùka Bíbélì fún àwọn ará ìlú. Ó mú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń jẹ́ Samuel, ó jẹ́ bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n fi í sí ilé-ìwé Kúdẹtì láàárín àwọn tó kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ọmọ yìí sọ́kàn.

OGUN ÀTI EBI

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù ọmọ òun gorí ìtẹ́. Ìbàdàn gbà. Ààrẹ Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú náà sì dí ọ̀nà. Bí ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú ti dí, ọ̀nà Èkó dí nìyẹn. Owó àti ẹrù tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer wà ní etí òkun, kò sí ẹni tí yóò gbé e kọjá. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, síbẹ̀ ogun kò tán, ọ̀nà kò sì là.

Ẹ̀yin ìyá, nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wà nínú èyí. Ilé kún fún ọmọ, owó ẹyọ kò sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí ó wà nínú ilé. Aṣọ, agolo, ohun èlò, ohunkóhun tí ẹnì kan bá lè fi owó ẹyọ rà ni wọ́n ń gbé jáde. Iṣu àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n bá rí i, ní ọjọ́ mìíràn kò tó. Bàtà Anna gbó, aṣọ rẹ̀ gbó, oògùn tí ó fi ń lé ibà lọ ń tán. Ní àkókò yìí, àwọn ará Ìbàdàn ni ó tọ́jú wọn. Àwọn aládùúgbò mú oúnjẹ wá, àwọn mìíràn yá wọn ní owó ẹyọ láìmọ ọjọ́ tí wọn yóò san án. Obìnrin tí ó wá láti ran àwọn ọmọ Ìbàdàn lọ́wọ́ wá ń jẹun láti ọwọ́ àwọn ìyá Ìbàdàn.

Ọ̀nà kan wà tí ì bá fi dín wàhálà rẹ̀ kù. Ó lè dá àwọn ọmọ padà fún ẹni tí ó ni wọ́n, kí ó sọ pé agbára òun kò ká a mọ́. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn nínú wọn kò ní ilé tí wọn yóò padà sí. Ogun ni ó kó wọn, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà àtidi ẹrú kí àwọn Hinderer tó rà wọ́n padà. Anna kò lé ẹnì kankan. Bí ohun tí ó wà bá kéré, wọ́n a pín in kéré. Ilé-ìwé kò sì dá dúró. Ìró ìbọn ń dún, àwọn jagunjagun ń jáde lọ, wọ́n ń wọlé pẹ̀lú ẹrú, àwọn ọmọ Kúdẹtì sì jókòó ti ìwé wọn ní òwúrọ̀.

Ní àkókò ìṣòro yìí kan náà, ọkọ rẹ̀ ń túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ti John Bunyan sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ Ọlọ́run kò dúró de àlàáfíà.

ÒRU TÍ Ó KÚRÒ

Ní ọdún 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó gbọ́ bí ìyà ti ń jẹ àwọn Hinderer tó. Ó rán ọ̀gágun kan, Captain Maxwell, pé kí ó gba inú igbó lọ mú wọn wá. Maxwell la ọ̀nà tuntun gba inú igbó Ìjẹ̀bú, ó dé Kúdẹtì lójijì ní òru. Kò sí àyè láti dúró pẹ́, nítorí bí ìròyìn bá tàn kálẹ̀, àwọn tí ó dí ọ̀nà yóò dènà dè wọ́n. Ní wákàtí mélòó kan péré, Anna ní láti pinnu. David kò lè fi ìjọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dúró. Anna, tí àìsàn ti sọ di ẹlẹ́gẹ́, ni ó ní láti lọ. Kò sí àyè láti kó gbogbo àwọn ọmọ jọ kí ó kí wọn bí ìyá ti í kí ọmọ. Àárín òru ni wọ́n gbé e, wọ́n ń rìn kíákíá nínú igbó tí ọ̀tá wà ní tọ̀tún tòsì, títí wọ́n fi dé Èkó láìléwu. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà ní ọdún yẹn.

Àwa tí a ti fi ọmọ sílẹ̀ rí lójijì, ìbáà ṣe nítorí àìsàn tàbí nítorí iṣẹ́, mọ irú ọkàn tí ó fi rìn ìrìn òru náà.

Ní ìparí ọdún 1866 wọ́n tún padà wá. Wọ́n bá ìjọ bí wọ́n ti fi í sílẹ̀, nítorí Olúbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú un dúró. Ṣùgbọ́n ara Anna kò gbé e mọ́. Ní ọdún 1869 wọ́n kúrò ní Ìbàdàn ní àkúrò tán. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1870, Anna Hinderer kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

ÈSO IṢẸ́ RẸ̀

Bí a bá wò ó ní ọjọ́ tí a sin ín, a lè rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìlú ńlá bí Ìbàdàn, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni ó kọ́. Ogun kò dá, òwò ẹrú kò parẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ náà.

Daniel Olúbí di àlùfáà, ó sì ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ó fi darí ìjọ Ìbàdàn láìsí òyìnbó lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n tọ́ ní Kúdẹtì, Robert Oyèbọ̀dé, di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Láti ìdílé Johnson, Obadiah di dókítà oníṣègùn, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ láàárín àwọn ènìyàn wa.

Samuel Johnson ńkọ́, ọmọ tí a ní kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn? Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1863. Ó padà wá di olùkọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì Parapọ̀, Ọ̀fà wà lẹ́yìn Ìbàdàn, Ìlọrin sì gbógun ti Ọ̀fà. Àwọn bàbá àti ìyá ńlá wa wà nínú ìsàgatì fún ọdún púpọ̀. Ọmọ Ọ̀fà tí ó bá mọ ìtàn mọ bí ìlú ṣe ṣubú ní ọdún 1887 àti bí àwọn ènìyàn wa ṣe fọ́n ká. Ní àkókò yẹn, Samuel Johnson, ọmọ tí ó ti kàwé nígbà tí ogun Ìjàyè ń lọ, ni ó ń gbé ìwé àlàáfíà láàárín Aláàfin, àwọn olórí ogun àti ìjọba Èkó. Òun àti àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n wọ ibùdó ogun ní ọdún 1886 tí àwọn Ìbàdàn àti Èkìtì fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà.

Lẹ́yìn náà ni ó jókòó kọ ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ó kú ní ọdún 1901 kí ìwé náà tó jáde. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún un kọ, ó sì jáde ní ọdún 1921. Orí àwọn ìjà Ọ̀fà wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ wa ń kà lónìí nípa ìṣubú Ọ̀fà, ọwọ́ ọmọ Kúdẹtì ni ó ti wá. Ìrántí David Hinderer, olùkọ́ rẹ̀, ni ó sì fi ìwé náà ṣe.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ìyá. Obìnrin kan ń ta agolo ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí ẹ̀wà jẹ. Ó kọ́ wọn ní ìwé ní àárín ogun. Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń parí ìjà, ó sì ń kọ ẹkún ìlú wa sílẹ̀ kí ó má baà di ìgbàgbé. Anna ti wà nínú sàréè kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Kò rí i.

OHUN TÍ ÈYÍ SỌ FÚN WA

A kò sọ ìtàn yìí nítorí pé òyìnbó ni. Àwọn òyìnbó ìgbà náà kò mọ gbogbo nǹkan, púpọ̀ nínú àṣà wa ni wọ́n sì pè ní òkùnkùn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí Olúbí, bí kò bá sí ìdílé Johnson àti àwọn aládùúgbò tí ó yá wọn ní owó ẹyọ, ilé Kúdẹtì ì bá ti wó. Ẹnìkan ní í bímọ, gbogbo ayé ní í bá a tọ́ ọ. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lára Anna ni pé kò dúró de ìgbà tí ó bá rọrùn. Ní Lowestoft ó wáyè láàárín iṣẹ́ ilé. Ní Ìbàdàn ó wáyè láàárín ibà àti ogun.

Ní Ọ̀fà wa níbí, a kò wà nínú ìsàgatì. Ṣùgbọ́n a ń rí àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà ní Owódé ní wákàtí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wà ní ilé-ìwé. A mọ àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún tí kò tíì lè ka ìlà kan láìkọsẹ̀. A mọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí a gbà sílé láti ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè bóyá wọ́n jẹun.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ sì wà láàárín wa. Láti ọdún 1973 ni ìjọba ti dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, àwọn agùnbánirọ̀ a sì máa jọ́sìn nínú ìjọ wa. Nọ́ọ̀sì kan lè fi àárọ̀ Sátidé kan lóṣù wọn àwọn ọmọ ọwọ́, kí ó sì bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Olùkọ́ kan lè jókòó fún wákàtí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò mọ ìwé kà. Ọmọbìnrin tí ń ránṣọ lè kọ́ ọmọ mẹ́ta ní abẹ́rẹ́. Àkàwéè àgbà inú báńkì lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èyí kò béèrè owó púpọ̀, àyè ni ó béèrè.

Àwa àgbà náà ní ipa tiwa. Bí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí a gba ọmọ wọn mú fún wákàtí náà. Ẹ jẹ́ kí a dáná fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi Sátidé ṣe. Àwọn ìyá Ìbàdàn ni ó bọ́ Anna nígbà tí ebi ń pa á, iṣẹ́ tí ó ṣe sì di tiwọn pẹ̀lú. Dọ́kásì inú Bíbélì kò dá aṣọ rán fún ara rẹ̀ nìkan, àwọn opó tí ó sunkún rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ó lè jẹ́ pé a kì yóò rí èso rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ lónìí lè kúrò ní Ọ̀fà kí ó má rántí orúkọ wa. Kí a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tí ó mọ ibi tí ọmọ Kúdẹtì yóò dé ni ó mọ ibi tí ọmọ Ọ̀fà yóò dé.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌPÀDÉ

1. Ọmọ wo ni ó wà ní àdúgbò rẹ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì?
2. Iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìmọ̀ wo ni o ní tí o lè fún ọmọdé láìgba owó?
3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin oníṣẹ́ lè rí àyè fún iṣẹ́ yìí?

Kí Olúwa tí ó gba àwọn ọmọdé mọ́ra fún wa ní ọkàn ìyá sí gbogbo ọmọ tí ó yí wa ká. Àmín.